Aṣọ Tí Aláájà Fi Àyè Sí

Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàrùbá, Kóòṣì Naeem pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mùínàt, Sátidé la máa wọ omi. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá bá a mu kò ní wọ omi náà. N kì í tún irú ọ̀rọ̀ yìí sọ." Ó sì tún un sọ títí owó fi tán lórí fóònù rẹ̀.

Kóòṣì Naeem ló ń kọ́ wa ní ìmòòkùn, ìyẹn ni pé ká pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ká há rọ́bà ìmí sẹ́nu, ká sì lọ sí ìsàlẹ̀ dáámù lọ tú koríko tó bá dí ẹnu páìpù tó ń gbé omi wá sí ìgboro. Ilé-iṣẹ́ kan ló fẹ́ gba ènìyàn mẹ́rin síbẹ̀. Àwa tó kù tí a ń du iṣẹ́ náà jẹ́ márùn-ún, èmi nìkan sì ni obìnrin. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé, omi inú ọ̀rá ni mò ń dì ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Tí mo bá tún máa fọwọ́ kan omi láyé mi, kó jẹ́ èyí tó jìn.

Ìṣòro ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ti ọkùnrin ni gbogbo aṣọ ìmòòkùn tó wà lọ́wọ́ Kóòṣì. Èyí tó kéré jù nínú wọn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lè jọ gbé inú rẹ̀, ká tún gba ayálégbé kan sí i.

Aṣọ yìí kì í ṣe aṣọ bí aṣọ. Rọ́bà rírọ̀ ni, ó nípọn bíi búrẹ́dì tí ènìyàn jókòó lé. Omi díẹ̀ máa wọ inú rẹ̀, ara ènìyàn á mú omi yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí òtútù gbá ọ mú. Àmọ́ tó bá fi lè láyè pẹ́nrẹ́n, omi tútù á máa wọlé, á máa jáde, bí ẹni tó wá kí bàbá rẹ̀. Ọyẹ́ sì ti dé. Ìdí nìyẹn tí Kóòṣì fi ní kó lẹ̀ mọ́ wa lára bí awọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Kí n lọ sí Táíwò Road, kí n ra aṣọ, kí n padà wálé. Ì bá rọrùn ká ní ilé ẹlòmíràn ni wọ́n bí mi sí.

Ní agboolé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í dá ra aṣọ. Aláájà Hùmúàní, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ló ń wọṣọ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín ní gbogbo àdúgbò wa. Kò sí obìnrin tó rọ́kọ fẹ́ níbẹ̀ tí Aláájà kò tíì fọwọ́ wọn ìbàdí rẹ̀. Bó o bá ra híjáàbù lásán, wàá gbé e lọ síwájú rẹ̀. Á nà án, á gbọ̀n ọ́n, á fi han oòrùn, á ṣàdúà sí i, lẹ́yìn náà á sọ ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ: "Kò láyè tó." Aṣọ tó bá ti lè dúró lára ènìyàn láìjábọ́, lójú Aláájà, ó ti fún jù nìyẹn.

Nítorí náà, ní àárọ̀ Àlàmísì, ńṣe ni mo yọ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà.

"Mùínàt."

"Mà."

"Ó di ibo?"

"Táíwò Road ni, mà. Mo fẹ́ lọ ra nǹkan kan."

"Nǹkan yẹn lápá?"

N kò mọ bí obìnrin yìí ṣe ń mọ̀. "Ó lápá, mà."

"Mú báàgì mi wá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ o. Bí a ṣe ń lọ nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ àyè kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé aṣọ náà máa ń fi bí ènìyàn ṣe rí hàn, ọmọ àlùfáà sì ni Aláájà. Gbogbo òru ni mo fi kó ọ̀rọ̀ jọ. Màá sọ fún un pé jálàbíà ni màá wọ̀ lé e títí dé etí omi. Màá sọ fún un pé omi dáámù dúdú, pé ẹja nìkan ló máa rí mi, ẹja kì í sì í rojọ́. Mo ti tò wọ́n sórí ahọ́n bí agbẹjọ́rò.

Habibullah ló ni ṣọ́ọ̀bù tí a dé. Òkìríkà àwọn eléré ìdárayá ló ń tà: bàtà bọ́ọ̀lù tí eyín rẹ̀ ti ká, bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀, àti ibọ̀wọ́ kan tí kò ní ìkejì.

"Àsàláámù àlékùm, Aláájà. Ẹ̀yin lẹ wọṣọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo rántí rẹ̀," ni Aláájà wí. "Ìbàdí rẹ̀ gbòòrò. Aṣọ dà?"

Habibullah fa àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì. "Mẹ́ta péré ló kù. Inú béèlì ni mo ti bá wọn. Kóòtù òjò ni."

"Kì í ṣe kóòtù òjò," mo ní. "Aṣọ ìmòòkùn ni."

"Sìsítà, àwọn ọlọ́kadà Òkè-Oyi ló ń rà á lọ́wọ́ mi, nítorí pé atẹ́gùn ọyẹ́ kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e lọ sódò."

Àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tóbi bí àgọ́. Èkejì kò ní apá, kò sì ní ju ìlàjì ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni Aláájà gbé sókè. Ó nà án, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e síwájú oòrùn. Mo fọ ọ̀fun mi.

"Aláájà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀..."

"Ó bo ọrùn," ó ní. "Ó bo apá dé ọrùn ọwọ́. Ó bo ẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́ ọ, èyí ni aṣọ àkọ́kọ́ tí wàá fọwọ́ ara rẹ mú tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ níta. Wọ híjáàbù rẹ lé e. Kí ló tún kù?"

Ọ̀rọ̀ tí mo fi gbogbo òru tò dà nù bí omi ògì. Ẹ má rò pé inú mi dùn. Ẹni tó ti gbára dì fún ìjà tí ìjà kò sì dé, ara máa ń ta á.

"Wọ̀ ọ́ ká wò ó," ni Aláájà wí.

Kọ́tìnì kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni mo wọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kan wọlé dé orúnkún, ó sì dúró síbẹ̀. Mo fà á ní ìnàró, mo fà á ní ìjókòó, mo dùbúlẹ̀, mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá bàtà bọ́ọ̀lù bí ogún ṣubú. Aláájà wọlé, ó ká ọwọ́ híjáàbù rẹ̀ sókè, ó di ìbàdí aṣọ náà mú, ó wá ń gbé mi sọ sókè sọ sílẹ̀ bí ẹni ń ki ìrẹsì sápò.

"Ẹ fi ọ̀rá sẹ́sẹ̀," ni Habibullah ń pariwo láti ìta. "Bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn." Ó ju ọ̀rá dúdú méjì wọlé. Mo fi ẹsẹ̀ bọ ọ̀rá, mo fi ọ̀rá bọ aṣọ, aṣọ náà sì gbé mi mì wẹ́rẹ́.

Mo fa síìpù láti ìdodo dé ọ̀fun. Aláájà wò mí lọ wò mí bọ̀. Nǹkan kan kò rí bó ṣe yẹ. Àyà mi tẹ́ pẹrẹsẹ bíi wàláà, ìdí aṣọ wú síwájú, orúnkún rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, n kò sì lè dá itọ́ mì. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ẹ̀yìn ni síìpù rẹ̀ máa ń wà. A bọ́ ọ, a sì tún un bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rá.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ sójú ẹ̀. Mo na apá, mo lóṣòó, mo dìde. Kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó ń fún mi pa. Ohun tí Kóòṣì ní kí n wá gan-an nìyẹn. Aláájà gbìyànjú láti fi ìka méjì mú aṣọ níbi ẹ̀yìn mi, kò rí nǹkan kan mú. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Foríkanlẹ̀."

"Mà?"

"Aṣọ tí ènìyàn kò lè kírun nínú rẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Báyìí ni mo ṣe tẹríba, tí mo foríkanlẹ̀, tí mo sì dìde, lẹ́yìn kọ́tìnì òkìríkà, láàárín bàtà bọ́ọ̀lù. Ó ṣeé ṣe.

"Ó gbìyànjú," ni Aláájà wí. "Àmọ́ kò láyè."

"Aláájà, wọn kò fẹ́ kó láyè."

"Ta ni 'wọn'?"

"Kóòṣì wa ni, mà."

"Kóòṣì ti lóyún rí?"

"Kò jọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ìwọ ńkọ́, ọjọ́ tó o bá lóyún?"

"Aláájà, mi ò tíì lọ́kọ."

"Ibo ni ọkọ máa gbà wọlé? Gbogbo ohun tó o ní ló fún."

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ṣàlàyé omi, mo ṣàlàyé ooru, mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ẹnu páìpù. Ó mi orí. Ó ní, "Ó yé mi." Inú mi dùn débi pé nígbà tó ní kí n kó aṣọ náà sínú báàgì òun, pé òun máa ṣàdúà sí i kílẹ̀ tó mọ́, mo bá a kó o síbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí a kírun tán, mo lọ sí yàrá rẹ̀. "Aláájà, ẹ bá mi mú aṣọ yẹn, mà. Mo fẹ́ palẹ̀ ẹrù mọ́ fún ọ̀la."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Tí Aláájà bá ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn wá nǹkan dì mú. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á dé lọ́wọ́ Àbdùlgàfárù ni." Àbdùlgàfárù ni télọ̀ tó ń rán aṣọ ìyàwó fún un ní Ṣàngó.

Ó tú ìdì náà. Télọ̀ ti la aṣọ mi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti abíyá dé itan, ó sì fi aṣọ gíní aláwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin bù ú. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó rán an dáadáa. Ojú ìrán rẹ̀ gún ju ti àwọn tó kọ́kọ́ rán an lọ. Ó tilẹ̀ fi òwú aláwọ̀ góòlù ṣe ọnà sí i lọ́rùn. Aṣọ ìmòòkùn mi ti di ohun tí ènìyàn lè wọ̀ lọ yan lọ́jọ́ Iléyá.

"Wàá lè mí báyìí," ni Aláájà wí.

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Obìnrin tó pọ̀n mí, tó fà mí lọ́wọ́ dé ilé-kéú, tó fà mí lọ́wọ́ dé ilé-ìwé òyìnbó. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Mo dìde, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́, mo sì sọ gbogbo ohun tí n kò lè sọ fún Aláájà fún ewúrẹ́ náà. N kò fi ìkankan pamọ́. Ewúrẹ́ gbọ́ díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Gíní máa ń gbomi?"

Aláájà ti wà lẹ́yìn mi. N kò mọ ìgbà tó débẹ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ojú abẹ́rẹ́ gan-an máa gbomi."

"Wọn kò ní jẹ́ kó o wọ omi lọ́la?"

"Wọn kò ní jẹ́ kí n wọ̀ ọ́, mà. Ẹlòmíràn ló máa gba iṣẹ́ náà."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, mà."

"O sọ pé kó fún. O ò sọ pé iṣẹ́ rẹ ló wà níbẹ̀. Mú báàgì mi wá."

Mo pe Habibullah. Ó ní àgọ́ yẹn àti aláìlápá yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ òun, àmọ́ ìwọ̀n tèmi gẹ́lẹ́ wà lára Mọ̀múdù, ọlọ́kadà kan ní Òkè-Oyi. "Tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tiyín ni, sìsítà. Ẹ máa bá a létí títì, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu."

A bá a níbẹ̀ lóòótọ́. Ó jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ láàárín òkìtì iṣu, ó wọ jálàbíà, apá rọ́bà dúdú sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Aláájà kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán.

"Ọmọkùnrin, bọ́ aṣọ ọrùn rẹ."

Mọ̀múdù wò mí, ó wo Aláájà, ó di ọwọ́ ọ̀kadà mú. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, mi ò jí i. Mo rà á ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo sọ ti dáámù, mo sọ ti ọ̀la, mo sọ ti iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó fi tọkàntọkàn gbọ́, ó tilẹ̀ kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wàláhì, mi ò lè bọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti ní in, ikọ́ tí mo ń hú láàárọ̀ ti lọ. Omi ni tiyín, sìsítà, atẹ́gùn ni tèmi. Òtútù kan náà ló ń lé wa kiri."

Ó tán lọ́rọ̀ tèmi. Kò yẹ kí ẹni tó ń ṣàìsàn bọ́ aṣọ rẹ̀ fún mi. Mo yí padà pé ká máa lọ, àmọ́ Aláájà kò mira. Ó ń wo Mọ̀múdù bó ṣe máa ń wo ìyàwó tó ń fi èékánná họ ara nínú aṣọ.

"Báwo lo ṣe ń ṣe àlùwàlá?" ó bi í.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Nígbà tó o bá fẹ́ tẹríba ńkọ́?"

Mọ̀múdù wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó bá gbà mí dé."

"Ṣé o ń mí?"

"Díẹ̀díẹ̀, mà."

Aláájà ki ọwọ́ bọ báàgì, ó sì fa aṣọ elẹ́gbẹ̀ẹ́ gíní jáde. Mọ̀múdù sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ le gan-an bí igi àga. Ó ki ìka bọ ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, ó nà án, ó tún nà án.

"Eléyìí láyè," ó ní.

"Télọ̀ mi ni," ni Aláájà wí.

"Ẹ tún ṣe ọnà sí i lọ́rùn."

"Ọ̀fẹ́ nìyẹn."

Ó lọ pààrọ̀ rẹ̀ nínú ilé oníṣu. Nígbà tó jáde, òun náà ti yí síìpù síwájú, àyè tó wà nínú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó dí i lọ́wọ́. Ó lóṣòó, ó dìde, ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹríba lẹ́bàá títì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì pe ìrun. Ó wá bi Aláájà bóyá gíní náà ṣẹ́kù tó fi lè rán fìlà tó bá a mu. Ó ṣẹ́kù. Inú báàgì ló wà.

Báyìí ni mo ṣe rí aṣọ gbà. Ó ń rùn fún epo pẹtiróò àti òógùn, mo sì wọ̀ ọ́ wò nínú yàrá oníṣu kan náà, ó bá mi mu. Okùn gígùn tí wọ́n so mọ́ síìpù, èyí tí ẹni tó wọ̀ ọ́ máa fi fà á fúnra rẹ̀ lẹ́yìn, ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Mọ̀múdù ti gé e, ó fi ń so iṣu.

"Ta ló máa bá ọ fà á lọ́la láàárín àwọn ọkùnrin yẹn?" ni Aláájà bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà, ó sì tún bi mí:

"Aago mélòó la ń lọ?"

"La" ló pè é, kì í ṣe "lo". Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Àárọ̀ Sátidé, ọyẹ́ bo ojú dáámù bíi kọ́tìnì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ti tò sí etí omi. Aláájà fa síìpù mi lẹ́yìn mọ́tò, ó fi jálàbíà bò mí, a sì lọ dúró síwájú Kóòṣì Naeem. Kóòṣì ń yẹ aṣọ wò. Ó fi ìka kan ọrùn ẹnìkan, ó fún ẹlòmíràn ní ìbàdí. Nígbà tó kàn mí, mo bọ́ jálàbíà, Kóòṣì sì kó ọwọ́ sẹ́yìn, nítorí pé kì í fọwọ́ kan obìnrin.

"Aláájà, ẹ bá mi mú aṣọ rẹ̀ níbi ẹ̀yìn, lókè ìdí díẹ̀. Ṣé ẹ rí i mú?"

Aláájà mú un. Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó fẹ́ fún wa níròyìn ayọ̀. "Mo rí i mú dáadáa. Jíjókòó tí ọmọkùnrin yẹn ń jókòó sórí ọ̀kadà ti nà án. Àyè wà níbẹ̀."

Kóòṣì fi ìwo ojú kan wò mí. "Mùínàt, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

N kò sunkún. Ó rẹ̀ mí ju kí n sunkún lọ. Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì ń wo omi.

"Kí ló sọ?" ni Aláájà bi mí.

"Ó ní kí n máa lọ ilé, mà."

"Nítorí àyè tí mo ní ó wà?"

"Nítorí ẹ̀ ni, mà."

Aláájà wo ìbàdí mi, ó wo Kóòṣì, ó sì tú ọ̀já tó dì mọ́ ara rẹ̀ ní ìbàdí. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó yí mi padà, ó tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́ mi nídìí, ó yí ọ̀já náà ká mi bí ẹni ń di ẹrù tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, ó sì fà á. Mo gbọ́ tí egungun kan sọ̀rọ̀. Ó ta kókó, ó ki etí rẹ̀ méjèèjì sábẹ́.

"Kóòṣì, wá. Fa ọ̀já yìí wò. Ọ̀já nìkan o."

Kóòṣì fà á. Ó tún fà á. Ó gbé ẹsẹ̀ ti òkúta, ó fà á, èmi àti òun sì jọ rìn síwájú, àmọ́ ọ̀já kò mira.

"Ibo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Ìyàwó mélòó lo rò pé aṣọ wọn ti bọ́ lọ́wọ́ mi lójú agbo?"

Kóòṣì dà bí ẹni tó ń wá òfin tí kò sí níbì kankan. Níkẹyìn ó mí kanlẹ̀. "Bèlítì irin tó ń fani sísàlẹ̀ omi máa wà nísàlẹ̀ ọ̀já yìí. Wọ omi. Tó bá fi lè tú, jáde."

Mo wọ̀ ọ́. Òtútù kọ́kọ́ gba ọrùn mi wọlé, ó yọ́ bọ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn mi, mo sì di eyín mọ́ rọ́bà ìmí, mò ń retí pé kó kọjá. Ó dé ìbàdí, ó dúró. Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ẹnu páìpù nínú òkùnkùn náà, mo rí koríko tó rọ̀ mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Láti Àlàrùbá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo tú koríko náà, mo fara balẹ̀ tú u, mi ò yára rárá.

Nígbà tí mo yọ sókè pẹ̀lú ẹ̀kún ọwọ́ koríko, Kóòṣì gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní, "Àtìní lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wá aṣọ tìrẹ kó tó di ìgbà yẹn."

Lẹ́yìn rẹ̀, Aláájà ti sún dé ibi tí omi ti kàn án lẹ́sẹ̀. Ó gbé báàgì dání. Ó ń tọ́ka sí èjìká mi, ẹnu rẹ̀ sì ti là láti sọ̀rọ̀. Mo há rọ́bà ìmí sẹ́nu, mo tún mòòkùn.